Ọwọ́ Tí Ó Ń Yí Ẹ̀rọ: Ìtàn Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Alọ́wọ́ Nínú Ilé

Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ fún ìjíròrò lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹni tí kò bá rò ó jinlẹ̀. Ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ ìfọṣọ ni, àní àwọn èyí tí wọ́n fi igi ṣe, tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, kí iná mànàmáná tó wọ inú ilé. Bí a bá ń sọ ìtàn ẹ̀rọ, ọkọ̀ ojú irin, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ọkọ̀ òfurufú ni ọkàn wa máa ń kọ́kọ́ lọ sí. Ṣùgbọ́n kò sí ilé kan, ìbáà ṣe ti ọba tàbí ti tálákà, tí aṣọ kì í dọ̀tí níbẹ̀. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mọ bí ọgbọ́n ẹ̀rọ ṣe yí ìgbésí ayé ọmọ ènìyàn padà, ó yẹ kí á dé ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn kò pọ̀. Mo fẹ́ kí á rí i pé apá kan péré ni ẹ̀rọ alọ́wọ́ gbà nínú iṣẹ́ aṣọ fífọ̀, tí ó sì fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ fún ẹni tí ó ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Bí ìtàn bá wí fún wa pé lágbájá ni ó ṣe ẹ̀rọ, ó tọ́ kí á tún béèrè pé: ta ni ó ń yí i, ta ni ó sì ń pọn omi sí i?

Iṣẹ́ mélòó ni ó wà nínú aṣọ fífọ̀?

Èdè wa yóò ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín. A máa ń sọ pé a fẹ́ fọṣọ bí ẹni pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ń lò: a ń pọn omi, a ń rẹ aṣọ, a ń fọ̀ ọ́, a ń ṣàn án, a ń fún un, a ń sá a, a ń lọ̀ ọ́, a sì ń ká a. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́jọ nìyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó sì ní làálàá tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, iṣẹ́ kẹsàn-án tún wà pẹ̀lú, èyíinì ni pé wọ́n ń dáná sí abẹ́ ìkòkò ńlá, wọ́n sì ń se àwọn aṣọ funfun nínú omi ọṣẹ kí wọ́n lè mọ́ dáadáa.

Ọjọ́ Ajé ni ọ̀pọ̀ ìdílé níbẹ̀ yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Wọ́n á ti rẹ aṣọ mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, obìnrin ilé tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò máa ha aṣọ lórí pákó onígerígerí, tàbí kí ó máa fi igi ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀, tí ó dà bí àpótí ìjókòó tí a ki igi gígùn bọ̀ lórí, gún aṣọ nínú àgbá. Ọṣẹ a máa bó o lọ́wọ́, ooru iná a máa rà á lójú, ẹ̀yìn a sì máa ro ó.

Síbẹ̀ omi ni olórí ìṣòro. Fífọ̀ ẹ̀ẹ̀kan, sísè ẹ̀ẹ̀kan àti ṣíṣàn ẹ̀ẹ̀kan a máa gba nǹkan bí i gálọ́ọ̀nù 50. Ìwọ̀n omi bẹ́ẹ̀ tó 400 pọ́n-ùn. Garawa ni wọ́n fi ń gbé gbogbo rẹ̀ láti ìdí kànga dé ìdí iná, láti ìdí iná dé inú àgbá; nígbà tí ó bá sì dọ̀tí tán, wọ́n á tún gbé e jáde lọ dànù. Ní ọdún 1886, wọ́n ṣe ìṣirò kan nípa ìyàwó ilé kan ní ìpínlẹ̀ North Carolina, tí ó ń pọn omi lẹ́ẹ̀mẹjọ sí ẹ̀ẹ̀mẹwàá lójúmọ́. Ìṣirò náà fi hàn pé ìrìn tí obìnrin yìí ń rìn nídìí omi nìkan láàárín ọdún kan tó máìlì 148, àti pé omi tí ó ń gbé ju tọ́ọ̀nù 36 lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Nígbà tí a bá ń wo àwọn ẹ̀rọ tí àwọn ọlọ́gbọ́n ṣe, ẹ máa béèrè èwo nínú iṣẹ́ mẹ́sàn-án yìí ni ẹ̀rọ náà gbà.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ

Kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ni ó dá ẹ̀rọ ìfọṣọ sílẹ̀. Ní ọdún 1752, ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, The Gentleman's Magazine, tẹ àwòrán ẹ̀rọ ìfọṣọ kan jáde. Èyí fi hàn pé ọgbọ́n náà ti wà nílẹ̀ kí àwọn tí orúkọ wọn gbajúmọ̀ tó dé.

Láàárín ọdún 1766 sí 1767 ni Jacob Christian Schäffer, ará ìlú Regensburg ní Jámánì, tẹ ìwé jáde lórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Àlùfáà ni Schäffer, ó sì tún jẹ́ onímọ̀ nípa kòkòrò àti olú. Òun kan náà ni ó gbìyànjú láti fi oríṣiríṣi ewéko ṣe bébà, nígbà tí àkísà aṣọ tí wọ́n fi ń ṣe é kò tó mọ́. Àgbá onígi ni ẹ̀rọ ìfọṣọ rẹ̀. Ó ní ìdérí, igi kan sì gba àárín ìdérí náà kọjá sínú àgbá. Bí ènìyàn bá ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ síwá sẹ́yìn lókè, igi náà yóò máa ro aṣọ pọ̀ mọ́ omi ọṣẹ nísàlẹ̀, bí ìgbà tí a bá ń ro ọkà.

Ní ọdún 1782, Henry Sidgier ní Lọ́ńdọ̀nù gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, irú ìwé tí ó ń fi hàn pé ọgbọ́n kan jẹ́ ti ẹni tí ó gbà á, tí ẹlòmíràn kò sì gbọdọ̀ jí i lò. Ọgbọ́n tirẹ̀ yàtọ̀. Ó to àwọn ọ̀pá igi pọ̀ bí àgò, ó fi àgò náà sínú ọpọ́n omi, ó sì fi ọwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n lè máa yí i. Inú àgò ni aṣọ máa ń wà, omi a sì máa gba àlàfo àárín ọ̀pá wọlé, a sì máa gba ibẹ̀ jáde. Ẹni tí ó bá ti rí ẹ̀rọ ìfọṣọ oníná tí ẹnu rẹ̀ wà níwájú yóò mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni òun àti àgò Sidgier.

Ní Amẹ́ríkà, Nathaniel Briggs ti ìpínlẹ̀ New Hampshire gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà ìfọṣọ ní ọdún 1797. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún 1836, iná jó ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ pa mọ́ sí ní Washington. Àwòrán ẹ̀rọ Briggs bá iná náà lọ. Orúkọ rẹ̀ ṣẹ́ kù, ẹ̀rọ rẹ̀ kò ṣẹ́ kù. Ẹ̀kọ́ kékeré kan wà nínú èyí fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn: ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀, tí ìwé rẹ̀ kò sì jóná, ni à ń pè ní àkọ́kọ́.

Bí àwọn ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ohun tí ó ń mú aṣọ mọ́ ni pé kí omi ọṣẹ gba inú òwú aṣọ kọjá léraléra, kí ó lè tú ìdọ̀tí kúrò níbẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ gbà wá èyí. Ọ̀nà kìíní ni ti Schäffer: àgbá dúró lójú kan, igi inú rẹ̀ ni ó ń yí. Ọ̀nà kejì ni ti Sidgier: àgbá tàbí àgò fúnra rẹ̀ ni ó ń yí, tí aṣọ ń gòkè tí ó sì ń já bọ́ sínú omi. Ọ̀nà kẹta ni pé kí wọ́n ṣe pákó onígerígerí méjì tí aṣọ yóò wà láàárín wọn, kí ọ̀kan sì máa ha ara mọ́ èkejì, bí ọwọ́ ọ̀tún ti ń ha ara mọ́ tòsì.

Ọ̀nà kejì ni James King tẹ̀ lé ní Amẹ́ríkà nígbà tí ó gba ìwé àṣẹ lórí àgbá yíyí tirẹ̀ ní ọdún 1851. Hamilton Smith ti ìlú Pittsburgh náà gba tirẹ̀ ní ọdún 1858. Ṣùgbọ́n bí a bá ń yí aṣọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo fún ìgbà pípẹ́, ńṣe ni yóò lọ́ mọ́ ara wọn bí okùn. Ní ọdún 1863, Smith mú ọ̀nà mìíràn jáde tí àgbá fi lè yí síhìn-ín kí ó sì yí padà sọ́hùn-ún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ Thomas Bradford ní Salford, lẹ́bàá Manchester, ṣe àpótí onígi kan tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, tí igi ìfúnṣọ wà lórí rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fún un ni Vowel. Àwa olùkọ́ èdè lè rẹ́rìn-ín sí i pé fáwẹ̀lì dé ìdí aṣọ fífọ̀.

Igi ìfúnṣọ yìí yẹ fún àlàyé díẹ̀. Igi róbótó méjì ni, ọ̀kan lórí èkejì. Bí a bá ń yí ọwọ́ rẹ̀, aṣọ tútù yóò gba àárín wọn kọjá, omi yóò sì ro sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi rọ́bà bo àwọn igi náà, lẹ́yìn tí Charles Goodyear gba ìwé àṣẹ ní ọdún 1844 lórí ọ̀nà tí rọ́bà fi lè le dáadáa, iṣẹ́ náà túbọ̀ rọrùn. Ìrora ọrùn ọwọ́ dín kù púpọ̀ fún àwọn tí ó ti ń fún kúbùsù àti aṣọ ìtẹ́sùn. Síbẹ̀, ó ń fọ́ bọ́tìnnì, ó sì lè mú ọmọ-ìka ẹni tí kò bá ṣọ́ra.

Ẹ jẹ́ kí á ka ohun tí a ti rí. Ẹ̀rọ alọ́wọ́ gba fífọ̀. Igi ìfúnṣọ gba fífún, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni ó ń yí òun náà. Omi pípọn, iná dídá, aṣọ sísá, lílọ̀ àti kíká wà níbi tí wọ́n wà.

Ẹ̀rọ di ọjà

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, tí ó parí ní ọdún 1865, ẹ̀rọ ìfọṣọ di ọjà títà. Wọ́n máa ń ròyìn pé William Blackstone, ará ìlú Bluffton ní ìpínlẹ̀ Indiana, ṣe ẹ̀rọ kan fún ìyàwó rẹ̀ ní ọdún 1874 fún ìrántí ọjọ́ ìbí rẹ̀, àti pé nígbà tí àwọn ará àdúgbò rí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú rẹ̀ ní dọ́là 2.50. Àwọn obìnrin náà kò fi ọgbọ́n sílẹ̀ fún ọkùnrin nìkan. Margaret Colvin, ará ìlú Battle Creek ní ìpínlẹ̀ Michigan, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ ìfọṣọ tirẹ̀ ní ọdún 1871.

Ìtàn Ellen Eglin yàtọ̀ sí ti Colvin, ó sì gbàrònú. Obìnrin adúláwọ̀ ni, ní ìlú Washington, ó sì mọ iṣẹ́ ilé dunjú. Ó ronú irú igi ìfúnṣọ kan. Ní ọdún 1888, ó ta ọgbọ́n náà fún aṣojú kan ní dọ́là 18 péré, ẹni tí ó rà á sì jèrè púpọ̀ lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ìdí tí ó fi ta á lọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ní bí àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun bá mọ̀ pé obìnrin dúdú ni ó ni ọgbọ́n náà, wọn kò ní ra ẹ̀rọ náà. Ẹni tí ó mọ ìrora iṣẹ́ ni ó mọ àtúnṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò sí lára ohun tí ó ṣe.

Ilé iṣẹ́ tí ó wá gbajúmọ̀ jù nínú òwò yìí ni ti Frederick Louis Maytag, ní ìlú Newton, ìpínlẹ̀ Iowa. Irinṣẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ fi ń pa ọkà ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe láti ọdún 1893. Nígbà tí kì í bá ṣe àkókò ìkórè, ọjà wọn a máa dá wáí. Nítorí èyí, ní ọdún 1907, wọ́n mú ẹ̀rọ ìfọṣọ onígi kan jáde tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí. Wọ́n sọ ọ́ ní Pastime, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe eré tí a fi ń pa àkókò. Èyí tí ó tẹ̀ lé e ní ọdún 1909 ni wọ́n pè ní Hired Girl, ìyẹn ọmọbìnrin tí a gbà síṣẹ́. Ẹ fi etí sí orúkọ méjèèjì dáadáa. Èkíní wí pé iṣẹ́ kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Èkejì jẹ́wọ́ pé iṣẹ́ wà, ó sì dárúkọ ẹni tí wọ́n máa ń gbé e fún.

Àwọn alágbàfọ̀ ìlú Atlanta

Ní gúúsù Amẹ́ríkà, obìnrin adúláwọ̀ ni ẹni náà. Lẹ́yìn tí oko-ẹrú parí, aṣọ àwọn ẹlòmíràn ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ń fọ̀ jẹun. Ní ìlú Atlanta, wọ́n á lọ kó aṣọ nílé oníbàárà ní ọjọ́ Ajé, wọ́n á gbé e wá sí àgbàlá tiwọn, wọ́n á sì dá a padà ní mímọ́ ní ọjọ́ Sátidé. Omi eérú ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ fúnra wọn, èèpo ọkà wíìtì ni wọ́n fi ń ṣe sítáàṣì, àgbá ọtí tí wọ́n gé sí méjì sì ni ọpọ́n wọn. Owó tí ó ń wọlé fún wọn lóṣù kò ju dọ́là 4 sí 8 lọ.

Ní oṣù Keje ọdún 1881, nǹkan bí 20 nínú wọn kó ara wọn jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ alágbàfọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì kéde pé àwọn kò ní fọṣọ mọ́ àfi bí wọ́n bá ń san dọ́là 1 fún pọ́n-ùn aṣọ 12. Wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé láti fi ọ̀rọ̀ náà yé àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn tí ó dara pọ̀ mọ́ wọn ti tó 3,000. Àwọn ọlọ́pàá mú díẹ̀ nínú wọn, ilé ẹjọ́ sì bu owó ìtanràn lé wọn. Ìgbìmọ̀ ìlú gbèrò láti gba dọ́là 25 lọ́dọọdún lọ́wọ́ alágbàfọ̀ kọ̀ọ̀kan kí ó tó lè ṣiṣẹ́. Àwọn obìnrin náà kọ̀wé sí olórí ìlú pé bí ó bá di dandan, àwọn yóò san án, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ni yóò máa darí iṣẹ́ náà àti iye rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ìgbìmọ̀ kò fi owó náà múlẹ̀.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni ìtàn yìí ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ìdáhùn mi ni pé ní ọdún 1881, ó ti tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún tí Schäffer àti Sidgier ti ṣe ẹ̀rọ tiwọn, àwọn ilé iṣẹ́ sì ti ń ta irú rẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, ọwọ́ àti ẹ̀yìn obìnrin ni ó ń fọ aṣọ ìlú Atlanta. Bí ẹ̀rọ kan bá tilẹ̀ jẹ́ dọ́là 2.50, ìyẹn ju ìdajì owó oṣù ẹni tí ó ń gba dọ́là 4 lọ. Bí ó bá sì rí i rà, ẹ̀rọ náà kò ní bá a lọ sídìí kànga. Àwọn tí ó lówó láti rà á náà kò yára rà á, nítorí pé ẹni tí yóò fọ̀ ọ́ fún wọn wà, owó iṣẹ́ rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Níbi tí agbára ènìyàn bá ti pọ̀ lọ́pọ̀, ẹ̀rọ kì í tètè ríbi jókòó.

Ohun tí ó fi òpin sí ẹ̀rọ alọ́wọ́

Ohun méjì ni ó gba ọwọ́ ẹ̀rọ kúrò lọ́wọ́ ènìyàn: iná mànàmáná àti omi ẹ̀rọ tí ó wọnú ilé. Láti nǹkan bí ọdún 1907 sí 1911 ni àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀rọ ìfọṣọ oníná. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú kan náà ni ó mọ́ gbogbo ilé. Ní nǹkan bí ọdún 1935, nínú ìdílé àgbẹ̀ 10 ní Amẹ́ríkà, bí ọ̀kan péré ni ó ní iná. Nítorí náà ni Maytag ṣe mú ẹ̀rọ tí ó ní ẹ́ńjìnnì epo bẹntiróòlù jáde ní ọdún 1915 fún àwọn ará oko, tí ọ̀pọ̀ ilé mìíràn sì ń fi ọwọ́ yí tiwọn lọ.

Ǹjẹ́ iṣẹ́ wá dín kù nígbà tí iná dé? Onímọ̀ ìtàn ará Amẹ́ríkà kan, Ruth Schwartz Cowan, yẹ ìbéèrè yìí wò nínú ìwé rẹ̀ More Work for Mother, tí ó jáde ní ọdún 1983. Ó fi hàn pé bí ẹ̀rọ ti ń wọlé ni ọmọ ọ̀dọ̀ àti alágbàfọ̀ ń jáde, tí gbogbo iṣẹ́ sì wá dá lé ìyá ilé nìkan lórí. Aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ tẹ́lẹ̀ di èyí tí wọ́n ń fọ̀ lẹ́yìn ìwọ̀ ẹ̀ẹ̀kan. Làálàá ara dín kù lóòótọ́, kò sì yẹ kí á fojú kéré ìyẹn. Ṣùgbọ́n wákàtí tí obìnrin ń lò nídìí iṣẹ́ ilé kò dín kù tó bí àwọn tí ń ta ẹ̀rọ ti ṣèlérí.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lẹ́yìn orúkọ Schäffer, Sidgier, King, Smith àti Maytag, ogunlọ́gọ̀ obìnrin ni ó wà tí ìwé àṣẹ kankan kò dárúkọ wọn. Ọgbọ́n àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kì í ṣe kékeré, ó sì yẹ kí á kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ wa. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá dúró síbẹ̀, ìdajì ìtàn ni ó kọ́ ọmọ.

Ọ̀rọ̀ náà tí a fi ń pe oníṣẹ́ yìí lédè wa, alágbàfọ̀, ní òtítọ́ kan nínú. Ẹni tí ó ń gbà á fọ̀ ni. Bí aṣọ bá kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹlòmíràn ni ó gbà á. Fún nǹkan bí 150 ọdún ni ẹ̀rọ alọ́wọ́ fi wà, ọwọ́ kan sì ní láti yí i ní gbogbo àkókò náà. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ oníná lónìí, tí omi kò sì yọ nínú ilé rẹ̀, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì di ìtàn àtijọ́ pátápátá.

Nítorí náà, mo rọ ẹ̀yin olùkọ́ pé, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ni ní ìtàn ẹ̀rọ kan, irú ẹ̀rọ yòówù kí ó jẹ́, ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ka iṣẹ́ tí ó wà nídìí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ èyí tí ẹ̀rọ gbà àti èyí tí ó fi sílẹ̀, kí wọ́n sì wádìí ẹni tí wọ́n fi í sílẹ̀ fún. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ìjíròrò wa ti bẹ̀rẹ̀.